Ikú Kejìlá Ba Addi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá

Mo ti di ìyàwó. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa padà wá kà á. Ijja, ìyàwó Bassu. Òwúrọ̀ kejì nìyí tí mo lajú tí mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lórí ìrọ̀rí mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo. Mo fi aṣọ ìbora dí ẹnu.

Ó ti padà síbi iṣẹ́. Dígí ló ń fọ̀, ní ilé-iṣẹ́ iná oòrùn tó wà lẹ́yìn ìlú Warzazat. Dígí tó tó oko, tí eruku aṣálẹ̀ kì í fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Nítorí náà, Dígí ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Tí mo bá wo ojú rẹ̀, ara mi ni mo ń rí, mo sì máa ń rẹwà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ka èyí láéláé.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé: èmi, òun, ìyá rẹ̀ Lalla Tuda, bàbá rẹ̀ Ba Addi. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyàwó tuntun kì í ṣiṣẹ́ ilé títí di ọjọ́ keje, tí wọ́n máa so ìgbànú mọ́ ọn nídìí. Mo jókòó bí àlejò. Wọ́n ń bu èso fún mi, mo ń jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Inú mi dùn. Kò sí ohun mìíràn láti kọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Bàbá ọkọ mi ti kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á fún mi, ó ń fi ìka ka ìka. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni àwọn ará òkè òkun ti ń gbé kámẹ́rà wá sí aṣálẹ̀ wa láti ya fíìmù, wọ́n sì nílò ènìyàn tí yóò máa ṣubú. Ó ti jábọ́ lórí ẹṣin. Ó ti jábọ́ lórí odi. Wọ́n ti ta á lọ́fà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ikú keje ló dun òun jù lọ, ó bọ́ sórí ẹ̀gún. Láti òní lọ: Ikú-Mọ́kànlá.

Ojú ti tì mí lónìí, nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ a mu tíì, a wo fíìmù. Irú èyí tí wọ́n kó àwọn àgbà ákítọ̀ jọ sí. Nígbà tí Ba Addi wà lọ́dọ̀ọ́, kálukú wọn ló ní fíìmù tirẹ̀. Báyìí wọ́n di márùn-ún nínú ẹyọ kan, irun ti funfun, ikùn ti yọ, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́. Ba Addi mọ gbogbo wọn. “Onírùngbọ̀n yẹn ló yìnbọn pa mí ní ikú kẹrin. Èyí tó wà lápá òsì gẹṣin kọjá lórí mi.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn àna rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ń sáré kó lè fò mọ́ ọkọ̀. Mo ní ó ń sáré bí ìyá àgbà tó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Lalla Tuda ń wo inú ife rẹ̀. Dígí ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ba Addi kò bínú. Ó ní, “Ìyàwó wa, ó ti di ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti mọ orúnkún yẹn. Nígbà náà, ó ń fò bí ẹtu. Kí ni ìyanu nínú kí ọmọdé fò? Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó tún fò, òun ni mo jókòó láti wò.”

Lalla Tuda ní, “Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Tí àwọn arúgbó yẹn bá ti pàdé tí wọ́n gbá ara wọn lẹ́yìn, ẹkún ló máa ń sun.”

“Atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí mi lójú.”

“Atẹ́gùn inú tẹlifíṣọ̀n.”

Nígbà tí fíìmù kù díẹ̀ kó parí, Ba Addi sún síwájú lórí tìmùtìmù. Ó gbé ìka sókè. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀, afárá kan ṣoṣo ló wà. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn márùn-ún dá dúró, ó ní kí àwọn yòókù máa lọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ba Addi ní, “Ẹni yìí gan-an. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń wò wọ́n. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan á dúró kí àwọn ọmọdé lè rékọjá. Kò sì ní sọ ohun tó ná an fún ẹnikẹ́ni.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu. Ìkòkò. Kí ló gbé ìkòkò dé ẹnu mi?

Dígí ní Bàbá ti gbàgbé. Ó fẹnu kò mí létí. Èmi náà sì gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Wọ́n pe Ba Addi. Fíìmù tuntun, àwọn àgbà ákítọ̀ mẹ́rin, onírùngbọ̀n ikú kẹrin sì wà láàárín wọn. Níbi odi àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà Skura ni wọ́n ti ń yà á, ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ó wọlé, kò bọ́ bàtà, ó dúró láàárín ilé.

“Nínú èyí, n kò kú.”

Lalla Tuda ní kó tún un sọ.

“N kò kú, Tuda. Ogun á parí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fẹ̀yìn ti ògiri, mo máa gbé omi wá fún wọn. Onírùngbọ̀n á bi mí pé ta ni mí. Mo máa sọ pé: Ẹni tó ṣẹ́kù. Fíìmù á parí. Mo ṣì wà lórí ìdúró.”

Lalla Tuda gbé igbe ayọ̀, ó ní, “Ọpẹ́ ni. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, opó ni mí nínú gbogbo fíìmù.”

Mo gbọ́ ọ níwájú dígí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹni tó ṣẹ́kù. *Ẹni* tó ṣẹ́kù. Ẹni tó — ṣẹ́kù. Jàlámíà onírun àgùntàn rẹ̀ àtijọ́ ló máa wọ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, pé kò jọ aṣọ tí wọ́n rán.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Àwọn ìbátan Dígí mú mi lọ sí ilé ìwẹ̀ nítorí ọ̀la. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi gbígbóná dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo dé, Ba Addi ti wà nílé, eruku dé ìpéǹpéjú. Ó ti ń sọ ìtàn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo gbọ́ ìdajì: wọ́n ti ya bó ṣe gbé omi wá, oòrùn wọ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ń dán bí owó tuntun. Mo lọ gbẹ irun mi.

Ọ̀la ni ìgbànú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n ti so ó. Lalla Tuda fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ mi nídìí. Mo po ìyẹ̀fun, mo ṣe búrẹ́dì mi àkọ́kọ́ nínú ilé yìí. Ó wú. Mo din ẹja. Dígí jẹ búrẹ́dì mẹ́ta, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀. Irọ́ ni, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ sin àwọn àlejò sọ́nà, mo fọ gbogbo ohun tó ṣeé fọ̀. Aṣọ ìrọ̀rí. Aṣọ tábìlì. Mo rí àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tú u. Jàlámíà Ba Addi. Ó pupa lápá kan bí ẹni pé wọ́n pa àgbò lé e, eruku kún un, iná ti jẹ ìgbọ̀nwọ́ kan. Bó ṣe máa ń padà láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mo rò nínú ara mi. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ará òkè òkun á rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò sí obìnrin nílé Addi. Ìyàwó tuntun wà ńbẹ̀ kẹ̀.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Mo fi ọṣẹ gún un, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo ń kọrin. Omi mẹ́rin ni mo dà nù kó tó mọ́. Mo fi irun àgùntàn dí ibi tí iná jẹ, mo rán an ní ọ̀nà tí ìyá mi kọ́ mi, àránpọ̀ kéékèèké bí eyín ìkókó. Mo sá a sórí òrùlé, oòrùn àti atẹ́gùn gbẹ ẹ́ kíákíá. Mo lọ̀ ọ́, mo wọ́n omi òdòdó rósì sí i, mo ká a, mo dá a padà sínú àpò bí mo ṣe bá a. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi máa ń ní ìyàwó rere kì í fọn fèrè iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé ni yóò rí i.

Ọjọ́ tó dára jù láyé mi ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ọwọ́ mi bó. Mo ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ba Addi gbé àpò kọ́ èjìká ní kùtùkùtù, ó jáde. Mo ń retí ìrọ̀lẹ́, kó wá bi pé ta ló ṣe é. Ọ̀sán ló padà. Kò sí àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lalla Tuda ní, “Ó ti parí?”

Ó ní, “Mo ti kú.”

Ó jókòó. Ó ní wọ́n yí ìtàn padà. Bọ́ǹbù bọ́ lulẹ̀ kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n fi aṣọ bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ló bá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Méjìlá. Ó ti pé dọ́sìnì.”

Ó ní kí n bu tíì fún òun. Ó wò mí nígbà tí mo ń bù ú. Wíwò náà kò pẹ́ rárá. N kò bèèrè nípa jàlámíà. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó rántí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ kíákíá kí ọwọ́ mi má baà dúró.

A ń ṣa ẹ̀wà, èmi àti Lalla Tuda. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹ̀wà sọ ọ́. “Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń fi ojú ṣọ́ àpò yẹn. Bàbá Bassu ní kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ gbọn eruku ara jàlámíà náà. Pé bó ṣe rí lọ́jọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ rí lọ́jọ́ Ajé, nítorí ìṣẹ́jú kan náà ni nínú fíìmù. N kò jẹ́ kí ológbò sún mọ́ ọn. Wọ́n sì tún yí ìtàn padà.”

Ìdajì ìtàn tí n kò gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo ń gbẹ irun.

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ó ti rẹ ọ́, ọmọ mi. Lọ sinmi.” Mo lọ. Mo lọ ní tòótọ́. Mo dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ó burú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ilé tíì kan wà lẹ́bàá ọjà tí àwọn bíi Ba Addi máa ń jókòó sí, gbogbo wọn ló ti kú nínú fíìmù. Ilé Tíì Àwọn Òkú ni mo ń pè é. Dígí yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Hammu — ọ̀rẹ́ Ba Addi, ẹni tó jẹ́ pé orí ràkúnmí nìkan ló ti máa ń kú — wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé. Obìnrin tó ń mójú tó aṣọ tú àpò, òórùn rósì gba gbogbo odi. Àwọn ẹṣin gan-an yí orí padà, Hammu ló wí bẹ́ẹ̀. Jàlámíà mọ́ bí ti ìyàwó ojú ọ̀nà, ó sì ti súnkì, apá rẹ̀ kò kọjá ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n bi í pé ta ló ṣe èyí.

Ba Addi ní òun ni. Òun fọ̀ ọ́. Òun gbàgbé.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì nínú iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun ni pé a kì í fọ aṣọ fíìmù. Obìnrin náà fa ìlà sí orúkọ rẹ̀, ó ní àwọn kò lè lo ẹni tó ń gbàgbé. Jàlámíà kò bá ti ọjọ́ Ẹtì mu mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa á lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ náà kúrò lórí rẹ̀ lẹ́yìn tó kú tán, onírùngbọ̀n ló na ọwọ́ sí i láti gbé e dìde, orúnkún àwọn méjèèjì ń dún. Ní ilé tíì, Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é báyìí. Hammu gbé fìlà ìdọ̀tí rẹ̀ fún un, ó ní, “Alágbàfọ̀, ìgbà wo ni kí n wá gbà á?”

Dígí kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, “Orí Bàbá ti ń lọ, Ijja. Mi ò rí i, mo ń ṣe ìgbéyàwó kiri.” Ó fẹ́ gbé e lọ bá dókítà ní Marrakech lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ kó kó ìṣáná pamọ́, kí Bàbá má baà dáná sunlé.

Mo ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn nígbà tó ń sọ gbogbo èyí. Ọwọ́ mi kò dúró.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò lè sọ ọ́. Ọjọ́ méjìlá péré ni mo di ìyàwó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kúsíkúsì. Àwa mẹ́rin yí àwo kan ká.

Dígí ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìkókó sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí òní jẹ́?”

Ba Addi ní, “Ọjọ́ tí ìwọ yóò jẹ́ kí n jẹun ni.”

“Bàbá, mi ò bá yín ṣeré. Ṣé ẹ rántí pé ẹ fọ aṣọ?”

Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu. Ba Addi ń wo àwo. “Mo rántí. Omi gbóná jù ni.” Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ẹran tó wà ní ọ̀gangan tirẹ̀, èyí tó rọ̀ jù, ó fi ìka méjì tì í díẹ̀díẹ̀ kọjá láàárín àwo títí ó fi dé iwájú mi. “Jẹun, ìyàwó wa. O ti rù.”

Ó mọ̀. Ó rí àránpọ̀ mi. Láti ọjọ́ Ajé ló ti mọ̀.

Mo jẹ ẹran náà. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ba Addi fẹ́ se tíì láàárọ̀, kò rí ìṣáná. Ó wá a káàkiri, nínú àpótí, lábẹ́ tìmùtìmù. Lalla Tuda ní òun kò mọ ibi tó wà, ó sì yí ojú sí ògiri. Mo rí i pé ó yé Ba Addi. Ó dúró pẹ̀lú páànù tíì lọ́wọ́. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó lọ jókòó.

Ó kàn ní láti sọ gbólóhùn kan: Ijja ló fọ̀ ọ́. Kò sọ ọ́.

Mo ti mọ ẹni tí mo ń wò. Ẹni orí afárá ni. Èmi tí mo fi irú rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ń rékọjá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo lọ sí Ilé Tíì Àwọn Òkú.

Obìnrin kì í jókòó síbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbànú mi wà nídìí. Arúgbó mẹ́jọ, ife mẹ́jọ, Ba Addi lẹ́bàá fèrèsé ní òun nìkan. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láti sọ lọ́nà fò lọ. Mo ní, “Ẹ kú ìsinmi o. Èmi ni ìyàwó Bassu. Èmi ni mo fọ jàlámíà náà. N kò mọ̀. Bàbá kò gbàgbé nǹkan kan.”

Mo ní láti tún un sọ nítorí pé etí ọ̀kan nínú wọn ti di. Lẹ́ẹ̀kejì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Hammu gbé ife kalẹ̀. “Ìwọ lo wọ́n òdòdó sí i?”

“Èmi ni.”

“Omi mélòó lo dà nù?”

“Mẹ́rin.”

“Èmi ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nílé ọkọ obìnrin kan — nílé mi, mo ní — kò tíì fi omi mẹ́rin fọ nǹkan mi rí.” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ó yí sí fèrèsé. “Addi, o purọ́ fún wa.”

Ba Addi dìde. Ó tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, ó jáde, mo tẹ̀ lé e. Ó ń rìn níwájú, ó ti fa ìbòrí jàlámíà rẹ̀ tuntun sórí, n kò rí ojú rẹ̀. A kọjá ọjà. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta mẹ́ńtì. Mo ń sọ pé kó dárí jì mí, mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí a dé kọ̀rọ̀ ilé wa ló tó dúró.

“Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń kú fún àwọn tí n kò mọ orúkọ bàbá wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kú fún ẹni tó wà nínú ilé mi, tí mo sì kú dáadáa. Ìwọ náà tún wá gbé ikú yìí, o fọ̀ ọ́.”

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìbínú. Èjìká rẹ̀ mì. Ó wọlé.

Mo sọ fún Dígí kó tó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò ó sẹ́bàá ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìyá mi ni kí o lọ bá. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún tó ń jí ìṣáná mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.” Mo lọ bá a. Lalla Tuda gba orí mi sí itan rẹ̀. Ó sunkún jù mí lọ, èyí sì burú ju kó lù mí.

Kò sí Marrakech lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Hammu gbé àpò náà wá láti ibi iṣẹ́. Ó ní obìnrin aṣọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun, ó ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya ìyókù tán, wọ́n ń di ẹrù. Kò sí ohun tí wọ́n lè tún ṣe. Nínú fíìmù náà, Ba Addi ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí ayé, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń wò ó.

Ba Addi tú àpò. Òórùn rósì ṣì wà níbẹ̀. Ó na jàlámíà sókè níwájú ara rẹ̀, kò dé orúnkún rẹ̀. Ó wo àránpọ̀ mi pẹ́, ó fi àtàǹpàkò pa á.

Ó ní, “Wọ̀ ọ́ wò.”

Mo wọ̀ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó bá mi mu rẹ́gí, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó gé e.

Ba Addi jókòó, ó ní kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, ìrun ìrọ̀lẹ́ ti parí. Ó fọwọ́ gbá tìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n wá jókòó. Mo jókòó pẹ̀lú jàlámíà náà lọ́rùn mi.

N kò tíì lè wọ̀ ọ́ jáde.